Nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ di 2147483647: ṣé torí pé ó jẹ́ práìmù ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Láìpẹ́ yìí, a kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti inú ìwé sínú sọ́fítíwíà tuntun. Nígbà tí mo ṣí i wò, nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ló wà níwájú orúkọ gbogbo wọn: 2147483647. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní práìmù ni nọ́ńbà yẹn, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi yàn án. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ práìmù lóòótọ́, ta ló jókòó dán gbogbo nọ́ńbà wò kó tó mọ̀ pé kò sí èyí tó pín in? Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ṣì ń wá èyí tó tóbi jù ú lọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o káre. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹni yẹn tọ̀nà, ìdajì kò tọ̀nà. Práìmù ni 2,147,483,647 lóòótọ́: yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí odidi nọ́ńbà tó lè pín in kí nǹkan kan má ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé e dé iwájú orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín. Ìdí méjì tí kò bá ara wọn tan ló pàdé sórí nọ́ńbà kan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ fóònù, torí òun ló ń jó ọ lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó ṣètò tábìlì tí ẹ kó orúkọ sí sọ fún dátábéèsì, ìyẹn ibi tí sọ́fítíwíà ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, pé odidi nọ́ńbà ni nọ́ńbà fóònù, dátábéèsì sì ya àyè bíìtì 32 sọ́tọ̀ fún un. Bíìtì kan kò lè gbà ju 0 tàbí 1 lọ. Nínú 32 yìí, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ àmì: òun ló ń sọ bóyá nọ́ńbà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ku 31 fún iye gan-an. Bí gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá jẹ́ 1, àyè ti kún nìyẹn, iye tó sì wà níbẹ̀ ni 2³¹ − 1 (a to 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n, a sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, a wá yọ 1), ìyẹn 2,147,483,647. Wàyí o, nọ́ńbà fóònù wa ní Nàìjíríà, ì báà fi 070 bẹ̀rẹ̀, ì báà ṣe 080 tàbí 090, tí òdo iwájú rẹ̀ bá ti bọ́ (kò sì ní ṣe kó má bọ́, torí òdo iwájú kò níye lórí lójú kọ̀ǹpútà), bílíọ̀nù méje, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló dà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè wọ àyè tí kò ju bílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Dátábéèsì bíi MySQL, tí ètò tó ń mú kó kọ̀ láti gba ohun tó bá kọjá ààlà kò bá ṣiṣẹ́, kì í pariwo. Á kàn gé nọ́ńbà náà sí ibi tí àyè parí sí. Bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yín ṣe di onífóònù kan náà nìyẹn.

Má wulẹ̀ gbìyànjú láti fa nọ́ńbà àtijọ́ yọ láti inú èyí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Inú ìwé ni kí o padà sí. Kí o sì ní kí wọ́n yí òpó tí nọ́ńbà fóònù wà nínú tábìlì padà, kó máa gba ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó ń ro fóònù Báyọ̀ pọ̀ mọ́ fóònù Ṣadé, kí ló dé tí a óò fi kó wọn sínú àyè ìṣirò?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ práìmù, èyí tó dùn mọ́ mi jù.

Nọ́ńbà tí a bá rí nígbà tí a ti sọ 2 di púpọ̀ léraléra, tí a wá yọ 1 kúrò, là ń pè ní nọ́ńbà Mersenne, láti ara orúkọ Marin Mersenne, àlùfáà Kátólíìkì ará Faransé tó gbé ayé ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. 2³ − 1 jẹ́ 7, práìmù ni. 2⁵ − 1 jẹ́ 31, práìmù ni. 2⁷ − 1 jẹ́ 127, òun náà ni. Bí nọ́ńbà kékeré tó wà lókè bá ṣeé pín, èsì náà á ṣeé pín: 4 ṣeé pín, 2⁴ − 1 sì jẹ́ 15. Ẹni tó bá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ lè rò pé bí nọ́ńbà òkè bá ti jẹ́ práìmù, ó ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. 11 jẹ́ práìmù, ṣùgbọ́n 2¹¹ − 1 jẹ́ 2,047, ìyẹn 23 × 89.

Àwọn àgbà oníṣirò pàápàá kọsẹ̀ níbí. Ní 1603, Pietro Cataldi ní ìlú Bologna kéde pé bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 17, 19, 23, 29, 31 tàbí 37, práìmù ló máa jáde. Ó gba 17 àti 19 gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, ó ti yẹ ìwọ̀nyẹn wò dáadáa. Àwọn yòókù, àsọtẹ́lẹ̀ ni. Pierre de Fermat, oníṣirò ará Faransé, fi hàn pé 47 pín 2²³ − 1, pé 223 sì pín 2³⁷ − 1. Lẹ́yìn náà ni Euler, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, rí i pé 233 pín 2²⁹ − 1. Nínú mẹ́rin tí Cataldi sọ láìní ẹ̀rí, 31 nìkan ló bọ́ sí i. Mersenne náà tẹ àkójọ tirẹ̀ jáde ní 1644, 31 wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n 67 àti 257 tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ náà wà níbẹ̀, 61, 89 àti 107 tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sì sí. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè gbára lé e pé torí Mersenne sọ ọ́, ó ti dájú.

Ọdún 1772 ni ẹ̀rí tó dúró jáde. Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tó ń gbé ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, kọ lẹ́tà sí ẹnì kan nínú ìdílé Bernoulli, ìdílé àwọn oníṣirò, pé òun ti yẹ 2³¹ − 1 wò, pé práìmù ni. Ojú Euler ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà náà. Orí ló fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò rẹ̀, tí àwọn mìíràn ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

O béèrè bóyá ẹnì kan jókòó dán gbogbo nọ́ńbà wò. Ká ní ọ̀nà tí a kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ló gbà ni, á máa fi práìmù kọ̀ọ̀kan pín in: 2, 3, 5, 7, 11, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní nílò láti kọjá 46,340, torí 46,341 tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ti ju nọ́ńbà wa lọ. Bí nọ́ńbà méjì bá para pọ̀ bí i, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn á wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Práìmù tó wà nísàlẹ̀ 46,341 jẹ́ 4,792. Bí o bá fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí o kò sinmi, tí o kò sì ṣì í rárá, ó tó wákàtí 399. Euler kò fi ara rẹ̀ ṣẹrú báyẹn. Asẹ́ méjì ló fi sẹ́ wọn, 84 péré ló sì kù sínú asẹ́.

Asẹ́ kìíní nìyí. Mú bírò, kí a jọ ṣe é. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1. Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tún sọ èyí tó jáde di ìlọ́po méjì, máa bá a lọ, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá kọjá 23, yọ 23 kúrò. Ohun tí wàá rí ni 1, 2, 4, 8, 16, 9, 18, 13, 3, 6, 12, lẹ́yìn náà 1 á tún dé. Ìgbésẹ̀ 11 ló gbà kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí a bá fi 23 pín 2¹¹, 1 ló máa ṣẹ́kù, 23 sì pín 2¹¹ − 1 géérégé, bí a ṣe rí i lókè. Fermat ti ṣàkíyèsí ní 1640 pé bí a bá yọ 1 lára práìmù tí a fi ń ṣe irú eré yìí, iye ìgbésẹ̀ ìyípo náà máa ń pín ohun tó kù láìṣẹ́ku nǹkan kan. 23 dín 1 jẹ́ 22, 11 sì pín 22.

Ká wá ní práìmù kan wà níbì kan tó pín 2³¹ − 1. Ìyípo tirẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí 1 ní ìgbésẹ̀ 31. Ǹjẹ́ ó lè ti padà sí 1 ṣáájú ìgbà yẹn? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyípo kúkúrú náà gbọ́dọ̀ wọ inú 31 ní odidi ìgbà, 31 sì jẹ́ práìmù, kò gba ohunkóhun wọlé àfi 1. Ìyípo ìgbésẹ̀ kan kò sì ṣeé ṣe, torí ìlọ́po méjì 1 ni 2, kì í ṣe 1. Ìgbésẹ̀ 31 gan-an ni, nítorí náà 31 pín práìmù ọ̀hún tí a bá yọ 1 lára rẹ̀. 2³¹ − 1 kò ṣeé fi 2 pín, nítorí náà práìmù tí à ń wá kì í ṣe 2, bí a bá sì yọ 1 lára rẹ̀, 2 náà á pín ohun tó kù. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá fi 62 pín práìmù náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Èyíkéyìí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, o kò nílò láti dán an wò rárá. Wo àwọn tó gbá Cataldi mú, kí o rí i pé òfin yìí kì í tàsé: 47 jẹ́ 46 pẹ̀lú 1, 46 sì ni ìlọ́po méjì 23. 233 jẹ́ 4 × 58 pẹ̀lú 1, 58 sì ni ìlọ́po méjì 29.

Asẹ́ kejì kò gùn, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Bí 2³¹ bá ṣẹ́ku 1, 2³² á ṣẹ́ku 2. Kí sì ni 2³²? 2¹⁶ tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ni. Èyí já sí pé fún práìmù tí à ń wá, nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a wá fi práìmù náà pín in, 2 ló máa ṣẹ́kù. Kì í ṣe gbogbo práìmù ló ń gbà fún èyí. Dán an wò lórí 5: ìṣẹ́kù tí wàá rí kò ní ju 0, 1 àti 4 lọ, bó ti wù kí o pẹ́ tó níbẹ̀. Lórí 23 ẹ̀wẹ̀, 5 × 5 jẹ́ 25, ó sì ṣẹ́ku 2. Àwọn tó ń gbà, tí a bá yọ 2 fúnra rẹ̀ sẹ́yìn, ni àwọn tó ń ṣẹ́ku 1 tàbí 7 nígbà tí a bá fi 8 pín wọn. Ẹ̀rí gbólóhùn ìkẹyìn yìí gba ojú ìwé mélòó kan, mo sì fẹ́ kí o tètè padà sídìí àkọsílẹ̀ rẹ, nítorí náà gbà á lọ́wọ́ mi báyìí ná.

Bí a bá pa asẹ́ méjèèjì pọ̀, práìmù tó bá máa pín 2³¹ − 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 tàbí 63 nígbà tí a bá fi 248 pín in. Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀. 63 kì í ṣe práìmù. 249 kì í ṣe é, 3 × 83 ni. 311 ni àkọ́kọ́ tó yẹ kí a pè síwájú. 311 × 6,905,092 jẹ́ 2,147,483,612, ó ku 35, 311 ti já. Èyí tó tún kàn ni 1,303, lẹ́yìn rẹ̀ ni 1,489, báyìí báyìí títí a ó fi dé ẹnu ààlà 46,340. Gbogbo 84 ló já. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ wákàtí méje ni, ohun tí ẹnì kan lè parí láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ibi tí mo máa ń kan sáárá sí Euler nìyí. Ìṣirò púpọ̀ kọ́ ni agbára rẹ̀ níbí, mímọ ìṣirò tí kò yẹ kó ṣe ni.

Ọ̀nà ti Euler náà kò tó fún àwọn tó tóbi jù ú lọ. Ní 1876, Édouard Lucas ará Faransé mú ọgbọ́n mìíràn wá, D. H. Lehmer ará Amẹ́ríkà sì tún un ṣe ní àwọn ọdún 1930. Nínú ọ̀nà tiwọn, a kì í wá ẹni tó pín nọ́ńbà rárá. Mú 4. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yọ 2, fi nọ́ńbà tí ò ń dán wò pín in, mú ìyókù nìkan, kí o tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyókù yẹn. Fún 127, tó jẹ́ 2⁷ − 1, ohun tó máa jáde ni 4, 14, 67, 42, 111, lẹ́yìn náà 0. Ìgbésẹ̀ márùn-ún, ìyẹn 7 dín 2. Bí òdo bá jáde ní ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, práìmù ni. Bí kò bá jáde, kì í ṣe práìmù, kò sí àríyànjiyàn. Fún nọ́ńbà tiwa, ìgbésẹ̀ 29 ni. Irú ọgbọ́n yìí ni Lucas fi mọ̀ pé práìmù ni 2¹²⁷ − 1, nọ́ńbà tó gùn tó díjíìtì 39, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Ohun kan wà nínú ọ̀nà yìí tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: ó lè sọ fún ọ pé nọ́ńbà kan ṣeé pín, kó má sì sọ ohun tó pín in. Lucas mọ̀ ní 1876 pé Mersenne ṣì í lórí 67, ṣùgbọ́n títí di 1903 kò sẹ́ni tó mọ àwọn nọ́ńbà tó bí 2⁶⁷ − 1. Frank Nelson Cole ló wá kọ wọ́n sójú pátákó níwájú àwọn oníṣirò Amẹ́ríkà: 193,707,721 × 761,838,257,287.

O ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìbéèrè yẹn ti pẹ́. Ní ìgbà àtijọ́, nọ́ńbà pípé ni wọ́n ń torí rẹ̀ wá a. Nọ́ńbà pípé ni èyí tó jẹ́ pé bí a bá ro gbogbo ohun tó pín in pọ̀, láìka òun fúnra rẹ̀, òun náà ló máa jáde: 6 jẹ́ 1 + 2 + 3, 28 jẹ́ 1 + 2 + 4 + 7 + 14. Euclid ti fi hàn láyé àwọn Gíríìkì pé práìmù Mersenne kọ̀ọ̀kan ń bí nọ́ńbà pípé kan. Tiwa bí 2³⁰ × (2³¹ − 1), ìyẹn 2,305,843,008,139,952,128. Peter Barlow, oníṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1811 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni nọ́ńbà pípé tó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni máa rí láéláé, torí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kàn ń yani lẹ́nu ni, kò wúlò fún nǹkan kan, kò sì ní sẹ́ni tó máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá òmíràn. Kò tó àádọ́rin ọdún tí Lucas fi já a nírọ́ nípa ti wíwá. Nípa ti ìwúlò, ó gba kí kọ̀ǹpútà dé kí ó tó jáírọ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibi ìwúlò, jẹ́ kí n fi hàn ọ́ pé ìpàdé ọ̀nà lásán ni ọ̀rọ̀ bíìtì àti práìmù. Nínú àyè bíìtì 8 tó ní àmì, iye tó ga jù ni 127, práìmù ni. Nínú bíìtì 16, ó jẹ́ 32,767, ìyẹn 7 × 31 × 151. Nínú bíìtì 32, práìmù. Nínú bíìtì 64, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò lónìí, ó jẹ́ 2⁶³ − 1, 7 sì pín ìyẹn wẹ́rẹ́, torí 3 pín 63, 2³ − 1 sì ni 7. Àwọn ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, kò kàn wọ́n bóyá òpin àyè wọn ṣeé pín. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ aago: àwọn ẹ̀rọ tó bá ṣì ń fi bíìtì 32 ka ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1970 yóò kún dé 2,147,483,647 ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní 2038, nígbà tí aago wa ní Nàìjíríà bá lu mẹ́rin òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn á fò padà sí oṣù Kejìlá 1901. Ká ní nọ́ńbà náà ṣeé pín, bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá rí.

Ibi tí práìmù ti wúlò gan-an ni ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń sọ nọ́ńbà bí ẹni pé ó ń ta tẹ́tẹ́: nínú géèmù, nínú ìwádìí tó ń ṣàfarawé bí àìsàn ṣe ń tàn tàbí bí mọ́tò ṣe ń tò sójú ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà kò lè ta tẹ́tẹ́ tòótọ́ fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣírò. Lehmer tí mo dárúkọ lókè ló dábàá ọ̀nà kan: mú nọ́ńbà kan, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í yí padà, fi práìmù ńlá pín in, ìyókù ni èsì, òun náà lo máa tún lò fún èyí tó kàn. Wò ó lórí 7, kí o máa fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀: 1, 3, 2, 6, 4, 5, kí 1 tó padà wá. Ó bẹ gbogbo wọn wò. Ṣe é lórí 8 tí kì í ṣe práìmù: 1, 3, 1, 3, ó ti há. Pẹ̀lú práìmù, o lè rí nọ́ńbà tó máa rìn yí gbogbo ilé ká láìfo ọ̀kan, kò sì ní bọ́ sórí òdo láé.

Lórí 2³¹ − 1, 16,807 ni nọ́ńbà tó gbajúmọ̀ jù, ìyẹn 7⁵. Stephen Park àti Keith Miller dámọ̀ràn rẹ̀ ní 1988 pé ó kéré tán kí gbogbo kọ̀ǹpútà ní èyí, ó sì wà nínú C++, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, títí dòní. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ohun tó ń jáde ni 16,807, lẹ́yìn rẹ̀ 282,475,249, lẹ́yìn rẹ̀ 1,622,650,073, títí tí yóò fi bẹ 2,147,483,646 nọ́ńbà wò kó tó padà sí 1. Àǹfààní kejì tún wà tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fẹ́ràn: wọn kì í pín nǹkan kan. Bí a ṣe mọ ìyókù 9 nípa kí a ro àwọn díjíìtì nọ́ńbà pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń mọ ìyókù 2³¹ − 1 nípa gígé nọ́ńbà sí méjì níbi bíìtì 31, kí a ro méjèèjì pọ̀. 282,475,249 × 16,807 jẹ́ 4,747,561,509,943. Gé e: apá òkè jẹ́ 2,210, apá ìsàlẹ̀ jẹ́ 1,622,647,863. Rò wọ́n pọ̀, 1,622,650,073 ló jáde, bó ṣe wà lókè. Níbí nìkan ni ìdí méjèèjì ti ṣe ara wọn láǹfààní: ó jẹ́ práìmù, nítorí náà ìrìn rẹ̀ gùn, gbogbo bíìtì rẹ̀ jẹ́ 1, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ yá.

Má fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà o. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ti mọ gbogbo èyí tó kù. Fún àṣírí owó àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, práìmù tí wọ́n ń lò gùn tó ọgọ́rùn-ún díjíìtì lọ́nà mélòó kan, tiwa kò sì ju díjíìtì mẹ́wàá lọ.

Àwọn tó ń wá èyí tó tóbi jù, ẹgbẹ́ GIMPS tí George Woltman dá sílẹ̀ ní 1996 ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnikẹ́ni lè yá wọn ní agbára kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Luke Durant ará Amẹ́ríkà rí 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1 pẹ̀lú wọn, nọ́ńbà tí díjíìtì rẹ̀ jẹ́ 41,024,320. Kò sí ìwúlò kankan fún un lónìí. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ máa ń tú àṣírí ẹ̀rọ tó bá ń ṣi ìṣirò, ìyẹn wúlò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gun òkè ni wọ́n fi ń wá a.

Ó ku ohun kan tí o kò béèrè, ṣùgbọ́n tí mo mọ̀ pé wàá béèrè lọ́la. 31 fúnra rẹ̀ jẹ́ 2⁵ − 1, nítorí náà nọ́ńbà tiwa jẹ́ Mersenne tó jókòó lórí Mersenne. Bí a bá wá gbé òun náà lé orí 2 ńkọ́, tí a yọ 1, ṣé práìmù ló máa jáde? Nọ́ńbà yẹn ní díjíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 646, ó ju ti Durant lọ dáadáa, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ipò kìíní á ti rò pé ọ̀nà àbùjá nìyí. Ó ṣeni láàánú, wọ́n ti rí ohun tó pín in: 295,257,526,626,031. Lo asẹ́ kìíní ti Euler fún un. Yọ 1, kí o fi 2,147,483,647 pín ohun tó kù. 137,490 ló máa jáde, kò ní ṣẹ́ku nǹkan kan. Èyí tó jókòó lórí 2⁶¹ − 1 ni kò tíì sẹ́ni tó mọ ibi tó já sí.